Ẹ Má Dí Etí Yín l'Ékòó: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Èkó, ojú ló máa ń ṣiṣẹ́ jù lára rẹ̀: ilé gogoro ní Márínà, afárá tó ń gun orí omi lọ rẹrẹẹrẹ, èrò tó ń rìn bí ìjàlọ ní Òṣòdì. Kò burú kéèyàn wòran. Ṣùgbọ́n etí la fi ń rìn níbí, àwọn ọmọ wa ò sì tíì délẹ̀ tán tí wọ́n á ti ki íápíìsì bọ etí méjèèjì.

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà ṣe é rí. Mo dúró ní Òṣòdì, orin ń dún létí mi, n ò gbọ́ ariwo agbèrò, n ò gbọ́ fèrè ọkọ̀. Ìyá kan tó gbé agbọ̀n tàtàṣé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló fa okùn náà yọ. "Ọmọ mi, ọkọ̀ ń fẹ̀yìn bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ!" Ìgbà tí mo yí padà, dáńfó náà ò jù ìgbésẹ̀ kan sí mi mọ́. Òórùn ata ọwọ́ ìyá yẹn wà létí mi títí dalẹ́.

Ohun tí wọ́n kọ sára dáńfó kọ́ ni kí ẹ tẹ̀ lé, ohun tí kọ̀ńdọ̀ ń pè ni. Kí ẹ sì gbọ́ ọ tán. "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" kì í ṣe ariwo lásán. Bí ẹ bá gbé odindi owó wọlé, ó lè so yín pọ̀ mọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, kó fún ẹ̀yin méjèèjì ní bébà owó kan ṣoṣo, kó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin lẹ máa wá ibi tí ẹ ti máa ṣẹ́ ẹ. Bí ẹ bá fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, ẹ tètè ké "Ó wà o!" Èkó ò gba gbẹ̀rẹ́.

Ọkọ̀ tó dákẹ́ lẹ bá rí lálẹ́, tí àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ ò bára wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń sọ pé àyè ẹnì kan ló kù, ẹ má wọ̀ ọ́. Ọwọ́ àwọn ọlọ́ṣà "wọ́n ṣáǹsì" lèèyàn máa ń kó sí báyẹn.

Ti ilé gbígbà ló dùn mí jù. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni éjẹ́ǹtì mú mi lọ wo yàrá, àdúgbò náà parọ́rọ́. Mo san owó ilé, mo san àgíríméǹtì àti kọmíṣọ̀n. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìṣọ́ òru bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìnkùlé, gbohùngbohùn wọn kọjú sí fèrèsé mi gan-an. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ló ń hó nínú ọgbà kan náà. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún mi, èmi ni n ò lọ gbọ́ ilé náà lálẹ́ kí n tó sanwó. Ẹ padà lọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ẹ dúró níbẹ̀ fún wákàtí kan.

Àṣìṣe tó kù, ó ń bí mi nínú. Lórí afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1990, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà 12, àwọn èèyàn á gbé gíláàsì ọkọ̀ sókè, wọ́n á máa ya àwòrán ilé orí omi ní Mákòko, wọ́n á sì máa yínmú sí i. Àwọn tó ń yan ẹja tí ẹ ń rà lọ́jà ló ń gbé ibẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ kí wọn kí ẹ tó yọ fóònù. Ẹ máa gbọ́ Ègùn, ẹ máa gbọ́ Yorùbá, ẹ máa gbọ́ Faransé pàápàá, àwọn obìnrin tó ń wakọ̀ lọ tajà á máa ké pe ara wọn láti ojú omi kan sí èkejì. Afárá tí ẹ ń gbà kọjá lójoojúmọ́ á sì máa hó lọ́ọ̀ọ́kán, bí òjò tó ń bọ̀.