Ilé-Ìwé Ìjọba Pọ̀ Lábẹ́ Yín, Èsì Kò Dára: Ibi Tí Ẹ Ó Ti Bẹ̀rẹ̀

Bí ilé-ìwé ìjọba mẹ́wàá tàbí ogójì bá wà lábẹ́ àbójútó yín, ìwé tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síwájú yín lópin ọdún ni èsì ìdánwò àṣekágbá. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Àbẹ̀wò ilé-ìwé ni mo fi ṣiṣẹ́ ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé ohun tó ti bàjẹ́ tipẹ́ ni ìwé yẹn ń ròyìn. Ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kùnà lọ́dún yẹn. Láti kíláàsì kẹta ló ti ń gbé ìwé tí kò lè kà. Kíláàsì kẹta yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Àyẹ̀wò tí ẹ máa ṣe níbẹ̀ kò gbówó lórí. Pratham, ẹgbẹ́ aládàáni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀kọ́ ọmọdé ní India, ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 2005, ASER ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gbé lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìpínrọ̀ kúkúrú tó bá kíláàsì kìíní mu àti ìtàn kékeré tó bá kíláàsì kejì mu síwájú ọmọ. Ọmọ á kà á sókè, wọ́n á sì kọ ibi tó dé sílẹ̀. Ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan ni o, iṣẹ́jú díẹ̀ ló sì ń gbà. Ẹ fi ìṣirò kún un: dídá nọ́ńbà mọ̀, àyọkúrò, pípín.

Ẹ má jẹ́ kí olùkọ́ dán àwọn ọmọ kíláàsì tirẹ̀ wò. Ẹ pààrọ̀ àwọn olùkọ́ láti ilé-ìwé kan sí òmíràn lọ́jọ́ náà. Ẹ má sì mú ohun tí wọ́n máa kà látinú ìwé tí wọ́n ń lò ní kíláàsì. Mo ti rí ọmọ tó ń ka ojú ewé kan geere, tí ìwé sì dorí kodò lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tí ẹ bá wá pa dà sórí èsì àṣekágbá, ẹ béèrè iye ọmọ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ilé-ìwé kan gba ọmọ 100 wọlé. Nígbà tí ìdánwò dé, 60 ló jókòó, 54 yege. Ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà. Ilé-ìwé kejì náà gba 100. 95 jókòó, 76 yege, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún, bẹ́ẹ̀ ọmọ 22 ni ìkejì fi jù ú lọ nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀. Níbo ni àwọn 40 yẹn wọlé sí? Àwọn kan kó lọ sí ìlú mìíràn lóòótọ́. Àwọn mìíràn, ọ̀gá ilé-ìwé ló rọra sọ fún òbí wọn pé ibòmíràn á dára fún ọmọ náà ju ibí lọ. Brazil ti mọ ọgbọ́n yìí. Nínú IDEB, òṣùwọ̀n ìdára ilé-ìwé tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2007, wọ́n ń ṣe ìsọdipúpọ̀ máàkì ìdánwò pẹ̀lú ìdá àwọn ọmọ tó gòkè kíláàsì. Ilé-ìwé tó bá ń lé ọmọ kí máàkì lè ga, ohun tó jèrè lápá kan á bọ́ lápá kejì.

Ẹ má to gbogbo ilé-ìwé láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn. Mo kórìíra àtòjọ yẹn. Ilé-ìwé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti mọ̀wé kà kí wọ́n tó wọlé kò ní ohun tó máa fi yangàn sí èyí tó ń gba ọmọ tí kò fọwọ́ kan ìwé rí. London Challenge, ètò àtúnṣe ilé-ìwé ìlú London tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003 tó sì parí ní 2011, tí Tim Brighouse, àgbà onímọ̀ ẹ̀kọ́, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ darí rẹ̀, kó àwọn ilé-ìwé tí irú ọmọ tí wọ́n ń gbà jọra sínú "ìdílé" kan náà. Bí ilé-ìwé kan bá wá ń ṣe dáadáa ju ọmọ ìyá rẹ̀ lọ, àwáwí tán. Ọ̀gá tó gbẹ́yìn á dìde lọ wo ohun tí èkejì rẹ̀ ń ṣe.

Rẹ́jísítà tí wọ́n fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ láràárọ̀ náà ńkọ́? Ẹ má wo ìpíndọ́gba, orúkọ ni kí ẹ wò. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ tó bá pàdánù ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ẹ̀kọ́ ni wọ́n kà sí ẹni tó ń pa ilé-ìwé jẹ jù. Bí ọjọ́ ẹ̀kọ́ bá jẹ́ 180, ọjọ́ 18 nìyẹn. Ẹ kọ orúkọ irú wọn sílẹ̀, kí ẹnì kan sì lọ sílé wọn.

Ó wá ku yíyàn. Mẹ́ta ló pọ̀ jù. Mo ti ka ètò àtúnṣe tí ohun inú rẹ̀ lé ní ogún, tí gbogbo wọn sì jẹ́ "kánjúkánjú". Kíkun ògiri wà níbẹ̀, aṣọ ẹgbẹ́ akọrin wà níbẹ̀. Kí sáà kejì tó wọlé, kò sẹ́ni tó rántí ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá yàn, ẹ kọ kíláàsì tó kàn, iye tó wà nílẹ̀, iye tí ẹ fẹ́, ọjọ́ tí ẹ máa tún un yẹ̀ wò àti orúkọ ẹni tó máa dáhùn fún un. "A ó mú kí ẹ̀kọ́ gbèrú" kò ṣeé bi ẹnikẹ́ni léèrè. "Nínú àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, 31 nínú ọgọ́rùn-ún ló lè ka ìtàn kékeré, kí sáà kẹta tó parí, kí wọ́n di 50": èyí ṣeé bi yín.

Láti dé ibẹ̀, ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ibi tí ìwé kíkà wọn dé, láìka ọjọ́ orí tàbí kíláàsì sí. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí wọ́n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, ti bá Pratham dán èyí wò. Ní ìpínlẹ̀ Haryana ní India, àwọn olùkọ́ ìjọba fúnra wọn ló ṣe é nínú wákàtí tí wọ́n yà sọ́tọ̀, àwọn alábòójútó sì ń bẹ̀ wọ́n wò. Ìwé kíkà àwọn ọmọ gòkè.

Ibi tí ìjà máa wà ni gbígbé olùkọ́. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ jù ni wọ́n sábà ń fi sí kíláàsì ìdánwò, wọ́n á wá ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí kíláàsì kìíní. Ẹ yí i pa dà. Wọ́n máa bínú, wọ́n máa ní ẹ já àwọn walẹ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ àti owó tó bá ṣeé ṣe sí i, ṣùgbọ́n ẹ yí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrànlọ́wọ́: ẹ má pín in dọ́gba. Lẹ́yìn òfin tí wọ́n ṣe ní 2013, ilé-ìwé tó rẹ̀yìn jù ni ìpínlẹ̀ Mississippi rán àwọn olùtọ́sọ́nà ìwé kíkà sí, kí wọ́n bá olùkọ́ ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì. Nígbà yẹn, ó wà nítòsí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ìwé kíkà àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní Amẹ́ríkà. Ní 2019 ó bá ìpíndọ́gba orílẹ̀-èdè dọ́gba. (Òfin náà tún ń dá ọmọ kíláàsì kẹta tí kò lè kàwé dúró. Ara mi ò gba apá yẹn tó bẹ́ẹ̀.)

Ẹ má so owó oṣù tàbí ìyọníṣẹ́ olùkọ́ mọ́ nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ dé yìí. Ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti fi máàkì dẹ́rù ba olùkọ́, ìwádìí ìpínlẹ̀ Georgia ní 2011 rí i pé olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ìwé 178, ní ilé-ìwé 44, lọ́wọ́ nínú èrú ìdánwò.

Bí sáà méjì bá kọjá tí nọ́ńbà kò kúrò lójú kan, ẹ má tíì sọ pé ọ̀nà náà kò dára. Ẹ lọ láìsọtẹ́lẹ̀ ní wákàtí ìwé kíkà. Ẹ gba ìwé ọmọ márùn-ún, ẹ ka déètì tó wà lókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wé kàlẹ́ńdà. Ẹ máa mọ̀ bóyá wákàtí yẹn wáyé rárá.