Bí mo ṣe mọ ibi tómi ń gbà wọ ògiri wa n'Íkòròdú

Ìpakodò là ń gbé, rúùmù àti pálọ̀ tó ní bálùwẹ̀ tiẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ní kí n mú ìró tí mo fẹ́ wọ lọ síbi ìnáwó nínú wọ́dírọ́ọ̀bù, àfi bó ṣe ń rùn bí ilẹ̀ tójò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mo sún wọ́dírọ́ọ̀bù kúrò, háà! Ògiri ẹ̀yìn ẹ̀, tó pààlà pẹ̀lú bálùwẹ̀, ti bu, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ọ̀dà ń ṣí, nǹkan funfun kan bí iyọ̀ sì ń jábọ́ nísàlẹ̀.

Ìwà òmùgọ̀ ni mo kọ́kọ́ hù, mo fi Jik fọ̀ ọ́, mo ra ọ̀dà mo kùn ún, kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tún yọjú.

Mo pe bàbá onílé. Wọ́n ní "Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ̀yin lẹ ò kì í ṣí wíńdò, inú yàrá lẹ̀ ń sá aṣọ sí." Ká má parọ́, mo máa ń sá a síbẹ̀ tójò bá ń rọ̀, nítorí ẹ̀ ni mi ò ṣe lè bá wọn jiyàn.

Àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ bíríkìlà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n: nu ojú kan lára ògiri kó gbẹ, gé náílọ́ọ̀nù, fi sẹ̀lótéèpù lẹ etí ẹ̀ yípo, fi sílẹ̀ fọ́jọ́ méjì. Tó bá jẹ́ iwájú tó kọjú sí ẹ lomi sẹ̀ sí, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ilé ni, lọ ṣí wíńdò ẹ. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn, inú ògiri lomi ti ń bọ̀. Tèmi, ẹ̀yìn ló lààgùn! Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá lórí WhatsApp, kó lè ní déètì. Òfin ilé gbígbé ti Èkó, ti 2011, náà ní kí ayálégbé tètè sọ fónílé tí nǹkan gidi bá bàjẹ́ lára ilé.

Àbúrò ọkọ mi ní tó bá jẹ́ omi ilẹ̀ ló ń gòkè ni, gbogbo ìsàlẹ̀ ògiri ni ì bá rin, kì í ṣe ẹ̀yìn bálùwẹ̀ nìkan. La bá pe púlọ́ńbà, ó fọ́ táìlì méjì ní bálùwẹ̀, àṣé páìpù inú ògiri ló ń jò ní oríkèé.

Ibi tọ́rọ̀ ti fẹ́ le nìyí o. Òfin yẹn ní kónílé máa tún ìta ilé àti ibi tí gbogbo èèyàn jọ ń lò ṣe, bàbá sì ní inú ilé ni páìpù wà. Mo bá yọ àgírímẹ́ǹtì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òrùlé àti páìpù inú ògiri, tonílé ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n ṣe é ká yọ ọ́ nínú owó ilé tó ń bọ̀. Mo ní sà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́. ₦58,000 ni páìpù, táìlì, sìmẹ́ńtì àti owó iṣẹ́, èmi ra ọ̀dà fúnra mi, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí ògiri gbẹ foṣù kan kí n tó kùn ún.

Wọ́dírọ́ọ̀bù ò fara kan ògiri mọ́. Ìró yẹn ṣì ń rùn díẹ̀, mo ti sá a sóòrùn lẹ́ẹ̀mẹta.