Bí A Ṣe Ń Fi Fọ́tò Ìgboro Òṣogbo Ṣàlàyé Ẹ̀kọ́ Midíà

Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá àwòrán tó máa ṣàlàyé agbára ìròyìn, ẹ ó rí i pé makirofóònù àti ẹ̀rọ tẹlifíṣàn ló máa gbé wá. Ọ̀ṣọ́ ojú ìwé lásán nìyẹn. Fọ́tò tó ń kọ́ni ni èyí tí ọ̀rọ̀ náà gan-an ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, irú rẹ̀ sì kún ìgboro wa. Fóònù ọwọ́ yín tó iṣẹ́ náà ṣe.

Kí ẹ tó yọ fóònù, ẹ kọ èrò náà sílẹ̀ ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Bí àpẹẹrẹ: "Ìwé ìròyìn lè má lè sọ ohun tí a máa gbà gbọ́ fún wa, àmọ́ ó ń sọ ohun tí a máa jiyàn lé lórí." Èrò tí McCombs àti Shaw, àwọn olùwádìí ìròyìn, lọ fi wá ọ̀rọ̀ wò lẹ́nu 100 olùdìbò ní Chapel Hill, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1968 nìyẹn. Ní Òṣogbo, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn láàárọ̀, níbi tí àwọn tí kò ní ra ẹyọ kan ti ń jiyàn. Ẹ dúró títí ẹnì kan yóò fi nàka sí àkọlé. Ìka yẹn ni kí ẹ yà.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹ̀kọ́ nípa àmì, ìyẹn ohun tó dúró fún ìtumọ̀ kan. Àrokò, ọ̀rọ̀ tí a fi nǹkan rán dípò ẹnu, ni mo máa ń lò. Ẹ sín owó ẹyọ mẹ́fà sí okùn kan, ẹ sín mẹ́jọ sí òmíràn, kí ẹ yà wọ́n lórí aṣọ funfun. Ẹ̀fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Ẹ̀jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá yóò kàn ka iye owó ẹyọ ni. Ferdinand de Saussure, onímọ̀ èdè ará Switzerland, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé àdéhùn àwọn elédè ló so àmì mọ́ ìtumọ̀. Àwọn baba wa kò dúró dè é kí wọ́n tó máa fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn.

Iṣẹ́ olóòtú tó ń yan ìròyìn ti dójú tì mí rí. Lọ́dún 1950, olùwádìí kan tó ń jẹ́ David Manning White ṣèwádìí bí olóòtú kan ṣe ń yan ìròyìn, ó fún olóòtú náà lórúkọ Mr. Gates, bíi pé oníbodè ni. Mo wá ya obìnrin tó ń sẹ́ ògì. Ọmọ kíláàsì kan bi mí pé, "Ṣé èérí wá ni ìròyìn tí wọn ò gbé jáde?" Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà náà, awakọ̀ kòròpé ní oríta Ọláìyá ni mò ń yà: àyè inú ọkọ̀ kéré, àwọn tó ṣẹ́ kù lójú títì kì í sì í ṣe ìdọ̀tí.

Ibi tó dùn jù ni gígé fọ́tò. Ẹ wá fọ́tò kan láti ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Ògọ́sítì, tó fẹ̀, tó kún fún èrò. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹ gé èkíní kó ku ìyá tó kúnlẹ̀, tó ń bu omi sínú kèègì. Ẹ gé èkejì kó ku pátákó ilé-iṣẹ́ tó ń polówó ọjà, kí ẹ̀kẹta ku ọlọ́pàá àti ìbọn. Ẹ tò wọ́n, kí odidi rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Kò sí irọ́ nínú ẹyọ kan, síbẹ̀ ìròyìn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ń gé nǹkan: UNESCO pe Igbó Ọ̀ṣun ní àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005, olórìṣà pè é ní ojúbọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò nínú igbó náà. Tó bá jẹ́ fọ́tò Wikimedia Commons, àkójọ fọ́tò ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ lò, ẹ kọ orúkọ ẹni tó yà á.

Ó wá ku ìdánwò. Ẹ fi odidi fọ́tò yẹn han ẹni mẹ́ta, ká ní ìyá olórìṣà kan, àlùfáà kan àti ọlọ́jà kan, kí ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan fún wọn. Stuart Hall, onímọ̀ midíà, sọ lọ́dún 1973 pé ẹnì kan lè gba iṣẹ́ tí a rán bí a ṣe rán an, kí ẹlòmíràn gba díẹ̀ kó fi díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀kẹta kọ̀ ọ́ pátápátá. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sábẹ́ fọ́tò náà gẹ́lẹ́ bó ṣe ti ẹnu wọn jáde. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọ ohun kan náà, ẹ wá fọ́tò mìíràn.