Bàtà Ski Tí Mo Fi Owó Méjì Rà, Àti Bí Season Wa Ṣe Padà Dùn

Owó bàtà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ torí inú ṣì ń bí mi sí i. Season ski (eré yíyọ̀ lórí sínóò) tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 tó parí ní 2025 yẹn, bàtà méjì ni mo rà, àkọ́kọ́ lé ní dọ́là 400, èkejì sún mọ́ 600 tí a bá ro iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i mọ́ ọn, kì í sì í ṣe pé èyí àkọ́kọ́ ya tàbí pé ó gbó o. Sáìsì tó tóbi jù ni ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Denver, Colorado níbí gbé fún mi, ó sì fi dá mi lójú pé òun mọ ohun tí òun ń ṣe. Mo bi í o. Mo ní ṣé kò tóbi báyìí? Ó ní rárá, pé obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ski, ìrọ̀rùn ló yẹ kó wá, pé kí n wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì sí i. Mo gbà á gbọ́ torí iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ ló ti ń jẹun.

Àwa obìnrin kan la jọ máa ń lọ, ọ̀pọ̀ wa jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Aurora àti Denver, nọ́ọ̀sì pọ̀ nínú wa. Tí sínóò bá ti jọ dáadáa lórí òkè, a ó ti jí ní Sátidé kí ilẹ̀ tó mọ́, a ó gba I-70 lọ, torí ẹni tó bá pẹ́ kó tó dé tọ́nẹ́ẹ̀lì Eisenhower, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ tó máa bá níbẹ̀, kò sí irú ẹ̀. Nípa aṣọ, gọ́gù, ìbọ̀wọ́, káàdì season, kíláàsì ọjọ́ àkọ́kọ́, mi ò ní sọ nǹkan kan, ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ á rí i fúnra ẹ̀. Bàtà lọ̀rọ̀ mi.

Ẹni tí kò tíì wọ bàtà ski rí lè rò pé bàtà lásán ni. Ike líle ló wà níta ẹ̀, bàtà kejì tó rọ̀ wà nínú, èyí tó rọ̀ yẹn ṣeé fà yọ. Ẹsẹ̀ èèyàn ló ń darí ski, ike yẹn ló ń jíṣẹ́ fún un. Tí gìgísẹ̀ bá ń gbéra nínú bàtà, wàá ti yí orúnkún tán kí ski tó mọ̀ pé o fẹ́ yà. Ohun tó ń ṣe mí ní Loveland, ibi ski kan níbí, gan-an nìyẹn, mo fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ski á kọ́kọ́ máa lọ tiẹ̀, àyà mi á já, mo á dúró létí ọ̀nà, mo á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo á di húùkù bàtà náà le sí i, kò ní pẹ́ ojúgun mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, ẹsẹ̀ á kú tipiri, àtàǹpàkò mi á sì máa gbá iwájú ike yẹn ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀, títí èékánná méjèèjì fi dúdú. Ohun tó sì rú mi lójú nìyẹn, bàtà tó tóbi, báwo ló ṣe tún ń fún mi? Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí: bó bá ṣe tóbi tó ni wàá ṣe máa dì í le tó, dídì yẹn ló ń dá ẹ lóró.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó bí mi nínú jù. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ń sọ pé bí ski ṣe rí nìyẹn, pé bàtà ski a máa dunni, pé á mọ́ mi lára. Àwọn olùkọ́ níbẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí mi ò mọ̀ rí, tá a jọ jókòó lórí lift, ìyẹn ìjókòó tó ń gbé èèyàn gun òkè, sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ pé tí nǹkan bá ń dun obìnrin, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni pé kó fara dà á? Ìyá Ìbejì nìkan ló dá mi dúró, òun ló dàgbà jù nínú wa, ó sì ti ń ski tipẹ́. Ó wo bí mo ṣe ń tiro bọ̀, ó ní, "Àbúrò, jókòó jàre. Bọ́ ọ." Mo bọ́ ọ. Ó wo èékánná mi, ó mi orí. Ó ní, "Ẹni tó tà á fún ẹ, ṣé ó wọn ẹsẹ̀ ẹ?" Mo ní, "Rárá mà, wọ́n kàn bi mí pé sáìsì wo ni mò ń wọ̀." Ó ní kí n má wọ̀ ọ́ mọ́, kí n lọ bá bootfitter, ìyẹn ẹni tó ń mú bàtà ski bá ẹsẹ̀ mu, pé ẹni tó ń ta bàtà yàtọ̀ sí ẹni tó mọ ẹsẹ̀.

Mo kọ́kọ́ dá bàtà padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn ná. Wọ́n yí ìdí ẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ó ti kan sínóò, wọ́n ní àwọn ò gbà á mọ́. Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò bá mi mu tí mi ò bá gbé e dé orí sínóò? Wọ́n ní òfin ni. Mo bá wọn jiyàn títí ohùn mi fi lọ sókè, kò mú nǹkan kan jáde, wọ́n kàn ní àwọn lè bá mi fi kún inú ẹ̀ kó lè dín, owó ọ̀tọ̀ nìyẹn náà o. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Mo wá pe bootfitter tí Ìyá Ìbejì júwe, wọ́n ní kò sáyè títí di ẹ̀yìn ọdún tuntun. Báyìí ni gbogbo December tí sínóò dáa ṣe di pé mò ń yá bàtà lórí òkè, bàtà tí ẹsẹ̀ oríṣiríṣi èèyàn ti fẹ̀ lójú, tí inú ẹ̀ ṣì tutù láti àná, owó yíyá náà kì í sì í ṣe owó kékeré. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń bọ́ sí búlúù, ìyẹn ojú ọ̀nà tó le díẹ̀, èmi ṣì wà ní gíríìnì, èyí tó rọrùn jù, pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ó sì dùn mí wọra torí mo mọ̀ pé mo lè ṣe é.

Nígbà tó wá kàn mí, obìnrin ni mo bá níbẹ̀, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa. Kò tiẹ̀ mú bàtà kankan sílẹ̀. Ó ní kí n bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kí n tẹ ẹsẹ̀ lé orí irin ìwọ̀n kan. Sẹ̀ǹtímítà 24.3 ni ẹsẹ̀ òsì, ọ̀tún kéré sí i díẹ̀. Nọ́ńbà ara bàtà ski, gígùn ẹsẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà ni, kò le rárá, kò ju kéèyàn wọn ẹsẹ̀ lọ. Ó wá yí bàtà tí mo gbé wá wò, 26.5! Ó fa inú ẹ̀ tó rọ̀ yọ, ó ní kí n ki ẹsẹ̀ lásán bọ inú ike, kí n ti ọmọìka síwájú títí á fi kan ògiri ẹ̀, ó wá tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn gìgísẹ̀ mi. Ó ní àlàfo tó yẹ kó wà níbẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ. Ìka ẹ̀ mẹ́ta ló kó sí tèmi, wọ́n sì ń mì níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn wò mí. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi, torí inú tó ń bí mi ni, kì í ṣe ìrora, ohun tí ẹni kan fi ìṣẹ́jú díẹ̀ rí, ni ẹni àkọ́kọ́ kò yẹ̀ wò kó tó gba owó mi.

Ó wá ń ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń sọ̀kalẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ, kì í jìnnà sí ọrùn ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí etí òkè bàtà fi máa ń gé wa. Bàtà obìnrin tó jẹ́ ti obìnrin lóòótọ́, etí ẹ̀ máa ń wálẹ̀, ó sì máa ń ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Gìgísẹ̀ wa tún sábà máa ń tín-ín-rín kí iwájú fẹ̀, tèmi rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Fífẹ̀ inú bàtà ní nọ́ńbà tiẹ̀, mìlímítà ni, 98 ti há, 102 lọ sókè ti fẹ̀. Bó ṣe le tó náà ní nọ́ńbà, tí wọ́n ń pè ní flex, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ sábà máa ń wà láàárín 60 sí 80. Ó tún sọ ohun kan tí mi ò gbọ́ rí, pé ike 24 àti ti 24.5 ọ̀kan náà ni, ohun tó wà nínú ló yàtọ̀, torí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìdajì yẹn yọ mí lẹ́nu.

Ó gbé 24.5 fún mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ mo pariwo, ó há! Ó ní kí n tẹ orúnkún síwájú kí n tún sọ. Mo tẹ̀ ẹ́, gìgísẹ̀ mi wọlé sẹ́yìn wàì, ọmọìka mi sì kúrò lára ògiri iwájú lójú ẹsẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ gbígbóná mú inú bàtà yẹn rọ̀, mo wọ̀ ọ́ mo dúró sójú kan kó lè gba bí ẹsẹ̀ mi ṣe rí, ó fi báírò sàmì síbi tí eegun ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò mi wà, ó fi ooru mú ike yẹn rọ̀ níbẹ̀, ó fi irin tì í síta díẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ méjì? Ó ní kí n sọ ọ́ nù, ẹyọ kan ṣoṣo, fẹ́lẹ́, tó gùn dé abẹ́ orúnkún.

Mo rò pé owó ti tán, kò tíì tán. Gígùn ìdí bàtà tuntun yàtọ̀, irin tó ń di bàtà mú lórí ski, ìyẹn binding, wọ́n ní láti tún un ṣe, mo tún sanwó. Èyí ò bí mi nínú tó ti ìṣáájú, torí irin yẹn ló yẹ kó já bàtà sílẹ̀ tí èèyàn bá ṣubú, obìnrin ló sì ń fa iṣan orúnkún já lórí ski ju ọkùnrin lọ. Ẹ má ṣe é fúnra yín nílé o, ẹ jọ̀ọ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé e a wọ ọkọ̀ ojú irin láti Union Station ní Denver lọ sí ibi ski Winter Park, ó gba inú tọ́nẹ́ẹ̀lì Moffat já sí ẹsẹ̀ òkè gan-an. Mo lọ sí gíríìnì lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ski yà sọ́tùn-ún. Mo fẹ́ yà sósì, ó yà sósì. Mo kígbe "Olúwa ṣeun!" tí àwọn òyìnbó fi ń wẹ̀yìn. Lọ́sàn-án mo ti wà lórí búlúù pẹ̀lú Ìyá Ìbejì, ó ń lọ níwájú, mò ń tẹ̀ lé ojú ẹsẹ̀ ẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀ mi ò dúró di húùkù kankan. Nígbà tá a dé ìsàlẹ̀ ó ní, "Ìwọ rèé?" Mo ní, "Èmi rèé mà." Orí mi wú!

Nígbà tí season parí a kóra jọ nílé ẹnì kan wa, jọ̀lọ́ọ̀fù wà, ẹran wà, oníkálùkù ń sọ èyí tó dùn mọ́ ọn jù. Beaver Creek lọ̀pọ̀ mú, ní December 2024 tá a lọ wo ìdíje ski àwọn obìnrin. Òkè Birds of Prey yẹn, láti 1997 lọkùnrin ti ń sáré ìdíje World Cup níbẹ̀, ọdún 2024 yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí obìnrin sáré downhill, ìyẹn eré tó yára jù, lórí ẹ̀. Cornelia Hütter ọmọ Austria ló gba downhill, ọjọ́ kejì Sofia Goggia ọmọ Ítálì gba super-G, èyí tó ní yíyà sí i ju downhill lọ. Wọ́n ń gba ojú òkè tó dà bí ògiri yẹn kọjá, èmi ń wò wọ́n, èékánná mi dúdú nínú bàtà, mò ń sọ lọ́kàn mi pé àwọn wọ̀nyí, kò sí ẹni tó gbé bàtà tó tóbi fún wọn.

Ẹnì kan ní Mikaela Shiffrin ni tòun, eléré ski tí wọ́n bí ní Vail níbí, tó fara gbọgbẹ́ nínú ikùn ní Killington ní ìparí November, tó sì padà wá borí nínú eré World Cup fún ìgbà ọgọ́rùn-ún ní Sestriere ní February 23, 2025. Ìyá Ìbejì ní tòun ni Lindsey Vonn, eléré ski tó jẹ́ ẹni ogójì ọdún nígbà yẹn, irin wà nínú orúnkún ọ̀tún ẹ̀, ó ṣe ipò kejì ní Sun Valley nínú March. Ó ní kí gbogbo ẹni tó ń sọ fún òun pé òun ti dàgbà jù lọ wò ó.

Tèmi ni búlúù Winter Park.

Ká ní mo ti mọ̀ ni, bootfitter ni mi ò bá kọ́kọ́ lọ bá ní October kí èrò tó pọ̀, mi ò bá wọn ẹsẹ̀ mi nílé kí n tó jáde, mi ò bá sì béèrè kí n tó sanwó bóyá wọ́n á bá mi tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá ń dùn mí, torí àwọn bootfitter tó dáa sábà máa ń gbà bẹ́ẹ̀. Ski fúnra ẹ̀ ṣeé yá, kò sí wàhálà níbẹ̀, bàtà ni kó jẹ́ tìẹ. Inú bàtà tuntun a sì máa fẹ̀ téèyàn bá ti lò ó díẹ̀, tèmi ti ń fẹ̀ lápá gìgísẹ̀, mo ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ obìnrin yẹn kí àwọn ibi ski bíi Arapahoe Basin àti Keystone tó ṣí.