Títọ́jú igi píà kékeré kí òtútù tó dé

Igi píà tí kò tíì pé ọdún méjì kò lè fara da òtútù bí àgbà igi, nítorí náà ẹ dáwọ́ ajílẹ̀ dúró bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, torí pé ewé tuntun tí ajílẹ̀ bá mú jáde ni òtútù máa ń kọ́kọ́ pa.

Omi gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Nígbà òtútù, igi kì í mu omi púpọ̀ mọ́, ilẹ̀ a sì pẹ́ kí ó tó gbẹ. Bí ẹ bá ń bomi rin ín bíi ti ìgbà ooru, gbòǹgbò rẹ̀ yóò jẹrà kí ẹ tó fura. Ẹ ti ìka bọ inú erùpẹ̀ títí dé oríkèé kejì: bí erùpẹ̀ tútù bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ gbé èyí tí ó wà nínú ìkòkò wọlé, sẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, bí òru bá ti ń tutù ju ìwọ̀n 10 Celsius lọ. Ní ti èyí tí ó wà nílẹ̀, ẹ ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀ yí i ká, kí ẹ ta aṣọ lé wọn lórí ní alẹ́ tí ó bá fẹ́ dé 0, kí ẹ sì ká a ní òwúrọ̀. Èmi kò fara mọ́ ọ̀rá, torí pé ewé tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn lè dúdú.

Bí ẹ̀ka kan bá kú, ẹ má tíì gé e títí ooru yóò fi padà, tí ẹ ó rí ibi tí ewé tuntun ti ń yọ.