Ohun tó ń pa mọ́tò pléènì mi lókè, mo ti rí i o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi rìmóòtù fò pléènì, ẹ gbọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí pléènì mi ti ń dá mi lágara ní pápá ọ̀nà Alábàtà, tó bá ti ga díẹ̀ tí mo wá ti throttle (ọwọ́ tó ń mú mọ́tò yára) dókè pátá, mọ́tò á kàn dákẹ́ lójijì. Mo di ẹ̀bi ru bátìrì, mo ra òmíì, ibì kan náà ló já sí, bẹ́ẹ̀ tí n bá wọ̀n ọ́n nílẹ̀ 11.9 volt ló ń gbé. Àfìgbà tí mo fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì tó so bátìrì mọ́ ESC (ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná lọ sí mọ́tò): ó gbóná janjan, ike ẹ̀ ti ń rọ̀.

Mo bá de pléènì mọ́lẹ̀ nílé, mo dúró sẹ́yìn ẹ̀ (ẹ má dúró síwájú pùròpẹ́là láéláé), mo ti throttle tán. Mo wá wọn iná: níbi wáyà bálánsì (wáyà kéékèèké tó jáde lára bátìrì fúnra ẹ̀), 11.2 volt. Lẹ́nu ESC, 9.4! Sódà tó lẹ wáyà mọ́ inú púlọ́ọ̀gì ló ti là, ESC wá rò pé bátìrì ti tán, ló ṣe ń pa mọ́tò.

Ayọ́nù tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́ fi ń yọ́ sódà kò gbóná tó, 60 watt la padà lò, a yọ sódà àtijọ́ dànù, a fi tuntun sí i títí tó fi ń dán. Ní báyìí, 11.1 ló ń dé ESC, kò sì tíì dákẹ́ lókè mọ́.