Bí mo ṣe tún fọ́tò Bàbá Àgbà ṣe ní Kétu

Inú agolo mílíìkì ni ìyá mi kó àwọn fíìmù àtijọ́ sí. Ẹyọ kan péré ni bàbá tó bí i wà nínú rẹ̀: ó wọ agbádá, ó dúró níwájú Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu. Fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ lára fíìmù yẹn ti bómi lọ, ìlà tín-ín-rín sì ti kún ojú fíìmù náà.

Mo tan fóònù kan títí ojú rẹ̀ fi funfun báláú. Mo gbé gíláàsì lé ife méjì lókè rẹ̀, mo tẹ́ fíìmù sórí gíláàsì. Ẹ má tẹ́ ẹ sójú fóònù gan-an o, àwọn àmì wínníwínní ojú fóònù á hàn nínú fọ́tò. Mo paná yàrá, mo fi fóònù kejì yà á.

GIMP, ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ni mo lò lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó dúdú ló máa ń funfun nínú fíìmù. Mo tẹ Invert, tó ń sọ dúdú di funfun, tó ń sọ funfun di dúdú, Bàbá yọ sí mi. Àmọ́ òjìji fìlà bo ojú rẹ̀. Láyé fíìmù, nínú yàrá òkùnkùn, ẹni tó ń tẹ fọ́tò á fọwọ́ dí iná díẹ̀ níbi tó bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀ sí i, torí iná ló ń mú bébà fọ́tò dúdú. Bó bá ṣì í, bébà yẹn ti ṣòfò nìyẹn. Èmi tún ojú yẹn ṣe tó ìgbà mẹ́wàá, mi ò ná sẹ́fà kan.

Mo wá fi Heal, irinṣẹ́ GIMP tó ń pa àbàwọ́n rẹ́, pa àwọn ìlà tín-ín-rín ara fíìmù yẹn rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ méjì. Mo pe ìyá mi kó wá wò ó.

Ó wò ó títí. “Bàbá wa kọ́ nìyí. Ìlà rẹ̀ dà?”

Àyà mi já. Mo ti pa ìlà ojú Bàbá rẹ́ mọ́ ìlà ara fíìmù! Láyé ọjọ́un, abẹ ni wọ́n fi ń ha ojú fíìmù tí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe. Ohun tí abẹ bá ti ha kò ní padà mọ́. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀dà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ojúlówó wà lábẹ́ rẹ̀, n kò fọwọ́ kàn án. Mo nu ẹ̀dà náà kúrò níbi ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, díẹ̀díẹ̀, ìlà sì ń jáde, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì.

Ìyá mi na ìka sójú kọ̀ǹpútà, ó ń kà wọ́n. Ó ní kí n tẹ mẹ́rin, kí ọ̀kan kan àbúrò òun kọ̀ọ̀kan.